Bí A Ṣe Ń Gbé Fáànù Olómi Kalẹ̀ Nínú Ilé ní Èkìtì

Ẹ má ṣe tan fáànù olómi nínú yàrá tí ẹ ti tì pa. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ló ń ṣe, ìyẹn ló sì ń ba owó wọn jẹ́. Afẹ́fẹ́ ń gba inú pádì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fa omi mọ́ra bíi kànìnkànìn, tó rin fún omi kọjá. Bí omi náà ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń gba ooru lára afẹ́fẹ́. Ohun tó ń mú omi inú àmù Ìsàn tutù náà nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ tó ti gbomi kò bá ríbi jáde, yàrá á kún fún ọ̀rinrin, fáànù á kàn máa yí lásán ni, aṣọ inú àpótí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Nítorí náà, ìdí fèrèsé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn fáànù sí fèrèsé kan kó lè máa fa afẹ́fẹ́ ìta, kí ẹ sì ṣí èyí tó wà ní òdìkejì díẹ̀. Fèrèsé tó kọjú sí àríwá tàbí ìlà-oòrùn ló dára jù, torí ọ̀nà ibẹ̀ ni ọyẹ́ ń gbà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọjú wo ìta fèrèsé náà kí ẹ tó pinnu. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ti aládùúgbò, èéfín rẹ̀ ni fáànù yóò máa fà wọlé bá àwọn tó ń sùn. Oró kan wà nínú èéfín yẹn tí kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn mọ́jú oorun. Ẹ lo fèrèsé mìíràn.

Gbígbé fáànù olómi tó ní táyà kalẹ̀ kò le: ẹ gbé e sílẹ̀ tó tẹ́jú. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sí fèrèsé ló gba àmójútó. Bí táǹkì rẹ̀ bá gba lítà omi 40, omi náà nìkan ti tó kílò 40, láìtíì ka ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù lè gba irin tí yóò gbé e dúró. Ní ti ògiri alámọ̀, ẹ ní kí wẹ́dà ṣe ẹsẹ̀ irin tí yóò dúró nílẹ̀ níta. Oníṣẹ́ iná ni kó fa wáyà rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná kí ẹ tó bu omi sí i.

Ìgbà ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí aṣọ tí ẹ sá láàárọ̀ bá gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ tan pọ́ǹpù inú fáànù náà, èyí tó ń da omi sára pádì. Bí iyọ̀ inú abọ́ bá ń yọ omi, afẹ́fẹ́ ti gbomi yó. Ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹ lò ó bíi fáànù lásán. Òmùò àti Ìkọ̀lé, tí wọ́n sún mọ́ ọ̀dàn, yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ ju àwọn ìlú inú igbó ní gúúsù lọ. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lowó yín ká fún gbogbo ọdún, fáànù òkè àjà ni mo rọ̀ yín kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ẹ máa da omi táǹkì nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí tanwíjí má baà di ẹ̀fọn síbẹ̀. Omi kànga a máa fi èépá funfun sára pádì, eruku ọyẹ́ a sì máa dí i; ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án. Ẹ má jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ láìsí omi, yóò jó. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gbọ́n omi rẹ̀ tán, ẹ sá pádì kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà.