Bí A Ṣe Ń Wá Òkúta Òfurufú ní Aṣálẹ̀ Sàhárà, àti Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀

Fún darandaran, àgbẹ̀ àti ará ilé tó ń gbé létí aṣálẹ̀, láti Mòrókò títí dé Agadez ní Niger, àti fún ẹnikẹ́ni tí òwò bá gbé débẹ̀.

Kò síbi tí òkúta òfurufú kì í já sí. Lọ́jọ́ 3 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1962, àgbẹ̀ kan wà nínú oko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní Katsina, nígbà tí ọ̀kan tó tó nǹkan bíi kílò 18 já lulẹ̀ nítòsí rẹ̀. Láti Máàsì, pílánẹ́ẹ̀tì kan lójú òfurufú, ló ti wá. Aṣálẹ̀ kàn rọrùn láti wá a ni: òjò kò pọ̀ tí irin inú rẹ̀ á fi tètè dógùn-ún, koríko kò sì bò ó.

Ibi tó yẹ ká wá a

Ẹ fi òkìtì iyanrìn sílẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ á ti bo ohun tí ẹ ń wá. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó le, tó funfun ràkọ̀ràkọ̀, tí òkúta dúdú kò wọ́pọ̀ níbẹ̀, ni kí ẹ máa rìn. Níbi tí gbogbo òkúta bá ti dúdú, ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Èyí tí kò tíì pẹ́ tó já máa ń ní èèpo dúdú tín-ín-rín. Èyí tó ti pẹ́ á ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Àwọn kan ní ojú kótokòto, àfi bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ tútù. Ó sábà máa ń wúwo ju òkúta mìíràn tí wọ́n jọ tóbi bákan náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti kán, ẹ wo inú rẹ̀: ẹ lè rí irin tó ń kọ mànà, tàbí hóró róbótó kéékèèké.

Ẹ so mágínẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ òwú, kí ẹ sún un mọ́ òkúta náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló máa fà á. Ẹ má ṣe fi mágínẹ́ẹ̀tì ra á lára o! Mágínẹ́ẹ̀tì tó lágbára máa ń pa àmì agbára mágínẹ́ẹ̀tì àtayébáyé tí àwọn onímọ̀ ń wá nínú rẹ̀ rẹ́. Mágínẹ́ẹ̀tì nìkan kò sì tó ẹ̀rí, torí òkúta irin ilẹ̀ wa náà ń fà á. Ẹ fi òkúta náà ha ẹ̀yìn táìsì tí kò dán: bí ó bá fa ìlà pupa tàbí dúdú, ẹ jù ú nù.

Ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó ń kù bí wọ́n bá yọ́ irin, ló ń tan ènìyàn jù. Ó dúdú, ó wúwo, ṣùgbọ́n ihò kún inú rẹ̀. Ẹdùn àrá ojúbọ Ṣàngó kọ́ là ń wí o. Ìyẹn dán, ó lẹ́nu àáké, ọwọ́ àwọn ará àtijọ́ ló lọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá rí i

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà kí ẹ tó gbé e, kí ẹ fi owó ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ fi máàpù inú fóònù tọ́jú ibi tó wà gan-an. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi òróró pa á, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ. Àpò gbígbẹ ni kí ẹ kó o sí. Àwọn onímọ̀ máa gba gíráàmù 20, tàbí ìdá kan nínú márùn-ún bí òkúta náà bá kéré, kí wọ́n tó fún un lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ òfin wá ńkọ́? Òkúta Máàsì kan tí wọ́n rí ní Niger ní 2023, tó ju kílò 24 lọ, ni wọ́n tà ní New York ní oṣù Agẹmọ 2025, ní iye tó ju mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ. Ìjọba Niger bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí bó ṣe kúrò nílùú, wọ́n sì dá kíkó irú òkúta bẹ́ẹ̀ jáde dúró. Ní Mòrókò, ìwé àṣẹ ló gba. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwakùsà kí ẹ tó bá oníbàárà kankan dúnàádúrà.