Bí o bá ti pinnu pé o fẹ́ gba ìtọ́jú nítorí ọtí, má ṣe bí mo ṣe ṣe

Télọ̀ ni mí ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Fún bí ọdún mẹ́rin, mi ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láàárọ̀. Bí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi ki í, àfi bí mo bá ti kọ́kọ́ yà sẹ́yìn ọjà lọ́dọ̀ onípáràga. Ife kékeré méjì, ọwọ́ á dúró. Mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé ojú ló ń dùn mí. Mo tilẹ̀ lọ ra awò ojú.

Ohun tí ọtí ń ṣe kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó ń mu ún mọ̀, ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ tí èèyàn bá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣìṣe, pẹ̀lú gbogbo ará ilé mi.

Má dá ọtí dúró lójijì

Ọjọ́ Ajé ni. Mo búra, mo da ìyókù inú ìgò sí gọ́tà lójú ìyàwó mi. Ó sunkún ayọ̀. Àwọn ará ilé ń kí mi kú oríire. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa pé ohun tó léwu jù lọ ni mo ṣe yẹn.

Bó ṣe rí rèé. Ọtí máa ń fa ọpọlọ sẹ́yìn, á mú un rọ̀. Bí èèyàn bá ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ náà á kọ́ bí a ṣe ń fa tirẹ̀ síwájú kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba. Ẹ ti rí ẹni méjì tó ń fa okùn rí. Bí ẹnì kan bá jáwọ́ lójijì, ẹnì kejì kì í dúró lórí ẹsẹ̀.

Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bo èèyàn, á máa bì, oorun ò ní wá. Àwọn mìíràn á ṣubú lulẹ̀, wọn á máa jà tọwọ́tẹsẹ̀ bí ẹni tí wárápá gbé, ó sì sábà máa ń jẹ́ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Èyí tó burú jù máa ń dé ní bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin: ara á gbóná, àyà á máa lù kìkì, onítọ̀hún ò ní mọ ibi tó wà mọ́, á máa rí ohun tí kò sí, á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá tọ́jú ìyẹn, ó ń pa èèyàn.

Ní tèmi, alẹ́ ọjọ́ kejì ló dé. Ìyàwó mi ní mo ń gbá èèrà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́, èèrà kankan ò sì sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dé láàárọ̀, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ojú lásán." Bí wọ́n ṣe gbé mi lọ sí ilé àdúrà kan nìyẹn. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kà fún mi, láìjẹ láìmu. Ẹni tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, tí fítámì B1 ti tán nínú ara rẹ̀ nítorí pé ọtí kì í jẹ́ kí ara rí i gbà dáadáa, òun ni wọ́n tún febi pa. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà o. Èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n mo ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀ kí ọjọ́ náà tó ṣú, mo sì gé ahọ́n ara mi jẹ. Onímárúwá tó gbé wa lọ sí ọsibítù ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ní ọsibítù, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí mi lára. Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé fún ìyàwó mi pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó tò tẹ̀ léra, torí bí ṣúgà bá ṣáájú, ó lè ba ọpọlọ jẹ́ sí i. Wọ́n wá fún mi ní diazepam, wọ́n ń dín in kù lójoojúmọ́ títí ó fi tán. Oògùn yẹn ló di okùn náà mú fún ọpọlọ kó má baà ṣubú.

Nítorí náà, bí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n láàárọ̀ kó o tó mu, má dá ọtí dúró kó o tó rí dókítà. Bó bá di dandan pé kó o mu díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ò ń lọ síbẹ̀, mu ún, kó o sì sọ fún wọn pé o mu ún. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń wá àwáwí. Má sì lọ ra diazepam fúnra rẹ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Bí òun àti ọtí bá pàdé lára, èémí lè dáwọ́ dúró lójú oorun. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń jà tàbí tó ti ń rí ohun tí kò sí, ọsibítù tó bá súnmọ́ jù ni kí ẹ gbé e lọ, lóru yẹn náà.

Má jẹ́ kí orúkọ Aro dá ọ dúró

Ní Abẹ́òkúta, orúkọ Aro, ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ti di èébú lẹ́nu wa. Bí ọmọdé bá hùwàkiwà, a ó ní, "Aro ló yẹ kí wọ́n gbé ẹ lọ." Ọdún méjì gbáko ni orúkọ yẹn fi dá mi dúró. Mo ń rò ó pé bí oníbàárà kan bá rí mi ní géètì wọn, ta ló tún máa gbé ṣòkòtò wá fún mi?

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹ̀ka ọsibítù náà tó wà ní Lantoro ló kọ́kọ́ wà, láyé Ogun Àgbáyé Kejì, fún àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun dé tí ọkàn wọn ò balẹ̀ mọ́. Aro dé ní 1954, lábẹ́ Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta níbí. Ohun tí Lambo ṣe nígbà náà ni pé kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí mọ̀lẹ́bí wọn wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè wá wo ọgbọ́n yẹn. Àwa tó wà nílé là ń fi bú ọmọ wa. Kódà ìjọba pàápàá pẹ́ kó tó tún ọ̀rọ̀ rò: òfin "wèrè" tó wà látayé òyìnbó amúnisìn ṣì wà títí di January 2023, tí Ààrẹ Buhari fi buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ.

Aro ní ẹ̀ka ọ̀tọ̀ fún àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lọ ni wọ́n ń dá dúró. Ẹlòmíràn ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ojú bá ṣì ń tì ọ́, bẹ̀rẹ̀ ní FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Aba, tàbí ọsibítù ìjọba ní Ìjàyè. Wọn á kọ̀wé rán ọ lọ sí Aro bó bá yẹ.

Má purọ́ iye tí ò ń mu

"Bíà kan péré ni, dókítà, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé." Irọ́ tí mo pa nìyẹn, ìyàwó mi sì jókòó tì mí. Ó kọjú sí fèrèsé.

Iye yẹn ni wọ́n fi ń wo bí ìtọ́jú ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe máa le tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ọtí ọ̀rá, ẹ fetí sílẹ̀ níbí, torí a máa ń rò pé ọ̀rá ò tó nǹkan. Bíà ńlá kan jẹ́ 60cl. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 5 nínú 100, ògidì ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 30ml. Ọ̀rá 30ml tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40 nínú 100 ní 12ml. Ọ̀rá méjì ààbọ̀ di bíà ńlá kan. Ọ̀rá mẹ́wàá di mẹ́rin. Mo ń mu tó ọ̀rá mẹ́wàá ká tó jẹun ọ̀sán, ká má tíì ka páràga mọ́ ọn. Ìwé ìbéèrè kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, ìbéèrè mẹ́wàá, wọ́n máa ń lò ó fún irú àwa báyìí. Dáhùn rẹ̀ bí ẹni tí ń wọn aṣọ. Bí o bá fi íńṣì mẹ́ta gé e kúrú, kò sí bí o ṣe máa rán an tó máa bá ọ mu.

Fún ará ilé

Má bá ẹni tó ń mutí sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tó ti mu yó. Kò ní rántí, ìwọ nìkan ni wàá rántí èébú. Òwúrọ̀ ló dáa, ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìpe àwọn àbúrò jọ.

Má lọ máa po oògùn mọ́ ọbẹ̀ rẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní disulfiram. Ẹni tó bá wà lára rẹ̀ tó bá fẹnu kan ọtí, ojú á pọ́n, àyà á máa já, á máa bì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tó fi máa dákú. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń lò ó, tó fọwọ́ sí i, tí dókítà sì ń ṣọ́, ni wọ́n ń fún. Mo gbọ́ ti obìnrin kan ládùúgbò wa tó ń fi í sínú ewédú ọkọ rẹ̀. Ọkọ rò pé wọ́n ti sà sí òun ni, ó sì ń mu ọtí sí i láti fi pa májèlé náà.

Ti àgbo "a-gba-ni-lọ́wọ́-ọtí" ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ra ọ̀kan fún mi, owó ńlá. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́.

Bí o bá tún mu

Àwọn oògùn kan wà tí dókítà lè kọ fún ọ lẹ́yìn tí ọtí bá ti kúrò lára, bíi naltrexone àti acamprosate, tó ń dín bó ṣe ń wù ọ́ kù. Béèrè. Èmi ò béèrè, mo rò pé bí mo ti jáde ní ọsibítù ó ti parí.

Ọ̀sẹ̀ keje, mo lọ síbi òkú àgbà kan ní Lafenwa. Ẹnì kan ní, "Ọ̀gá télọ̀, ọ̀kan ò lè pa yín." Mẹ́rin ni mo mu. Àṣìṣe tó kẹ́yìn tí mo ṣe ni pé mo fi pamọ́. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lọ síbi àdéhùn tí mo ní ní kílíníìkì lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà mutí. Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn gbé káàdì ọsibítù lé orí máṣíìnì mi, ó lọ ọjà rẹ̀.

Mo lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ mí ló wà níbẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Wọ́n gba káàdì, wọ́n ṣí i, wọ́n mú bírò.

"Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Mélòó lẹ mu lánàá, ìgbà wo lẹ sì mu èyí tó kẹ́yìn?"

Mo sọ iye rẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí n lọ jókòó.