Ẹ má fi ojú lásán wọn pápá ìjẹko

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn tí ẹ ń sin màlúù àti ewúrẹ́. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá pápá yín ń dára sí i tàbí ó ń bàjẹ́, ẹ ri ọ̀pá irin kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀ (iná ọ̀gbẹlẹ̀ á jó ti igi). Ìdí ọ̀pá náà ni kí ẹ ti máa ya fọ́tò lọ́dọọdún, kí ẹ kọjú síbi kan náà, ní ìparí oṣù kẹwàá, kí wọ́n tó dáná sun igbó.

Lẹ́yìn náà, ẹ rin ìṣísẹ̀ 100. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí imú bàtà bá bọ́ sí, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀: koríko, ewé gbígbẹ, ewé Akíntọ́lá (èpò kan), tàbí ilẹ̀ lásán. Igi ọ̀ọ́kán ni kí ẹ tẹjú mọ́ o! Ẹni tó bá ń wolẹ̀ rìn á máa yẹ igbó sílẹ̀ láìmọ̀, èsì rẹ̀ á sì dára ju bí pápá ṣe rí lọ.

Ọdún kan ò tó fi ṣèdájọ́, torí òjò ò rí bákan náà. Àmọ́ bí Akíntọ́lá bá ń pọ̀ sí i lọ́dún mẹ́ta léra, tí koríko ń dín kù, ẹ fi tó òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ létí. Màlúù kì í jẹ Akíntọ́lá.

Bí ẹ bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi "document". Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á máa ń pa rẹ́.