Ìwé Ìṣirò Tàbí Ṣáàtì: Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀nà Tí A Ó Fi Yẹ Ṣíà Wò

Ọ̀nà méjì la fi ń yẹ ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, wò kí a tó rà á: ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà, tàbí ṣáàtì, àwòrán tó ń fi bí iye ṣíà ṣe ń lọ hàn. Kí ẹ tó yan ọ̀nà kankan, ẹ bi ara yín pé ìgbà wo lẹ máa nílò owó tí ẹ fẹ́ fi rà á. Owó ilé-ìwé ọmọ tí ẹ máa san lẹ́yìn Iléyá, ẹ má kó o sínú ṣíà rárá. Èyí tó lè sùn síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, òun là ń sọ.

Àwọn tó ń ra kaṣú ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ ọ̀nà méjèèjì tipẹ́. Ẹnìkan á bu díẹ̀ nínú àpò, á là á, á wo hóró inú rẹ̀ bóyá ó ti bàjẹ́, kó tó dá iye lé e. Fundamental analysis nìyẹn. Ẹlòmíì ò la nǹkan kan. Bí owó ọjà ṣe ń lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti bí àwọn tó ń rà ṣe pọ̀ tó ló ń wò. Technical analysis nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ lọ sórí ìkànnì NGX, ọjà ṣíà wa ní Èkó. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbé ìṣirò owó wọn síbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wá èrè ọdún kan lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń ta ṣíà ní ₦40, tí èrè rẹ̀ jẹ́ ₦8, ìlọ́po márùn-ún èrè ọdún kan lẹ fẹ́ san yẹn. Ẹ fi báǹkì wé báǹkì, ẹ má fi wé ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo gbèsè dáadáa. Lọ́dún 2023 tí náírà já wálẹ̀, MTN Nigeria àti Nestlé Nigeria kéde àdánù, bẹ́ẹ̀ ọjà wọn ń tà wàràwàrà. Gbèsè dọ́là ló ká wọn mọ́. Ṣáàtì kan ò lè sọ ìyẹn fún yín. Ìwé kíkà yìí máa ń súni, mo gbà.

Ní ti ṣáàtì, candlestick kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì bí àbẹ́là tó wà lórí rẹ̀, ń fi iye mẹ́rin hàn: èyí tí ọjà fi ṣí, èyí tó fi pa, èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù. Ẹ wo iye ṣíà tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Lórí NGX, àwọn ṣíà kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ mélòó kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó tà wọ́n. Ṣáàtì irú wọn ò ní nǹkan tó ń sọ.

Fún ẹni tó ní sùúrù, ìwé ìṣirò ni kó fi yan ilé-iṣẹ́, kó wá fi ṣáàtì mú ọjọ́ tó máa rà á. Fọ́rẹ́ẹ̀sì, òwò pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, tí àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń ṣe lórí fóònù yàtọ̀: ṣáàtì ni púpọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ lé, owó àyálò sì wà ńdìí rẹ̀. Ẹni tó fi ₦10,000 di ₦1,000,000 mú, bí ọjà bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yí sí i lódì, ojú owó ti lọ.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ẹ kọ iye tí ẹ máa fi tà á jáde sílẹ̀ kí ẹ tó rà, kí ẹ sì yẹ orúkọ alágbàtà yín wò lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ṣíà, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí i.