Inú rírun òjijì lára ọ̀dọ́mọbìnrin: ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Àṣìṣe tó burú jù ni kí inú dédé máa run ọ̀dọ́mọbìnrin, kó máa bì, kí ará ilé sì ní, “Nǹkan oṣù ni, yóò lọ.” Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lójijì, tó gbá ẹ̀gbẹ́ kan mú nísàlẹ̀ ikùn, pàápàá lápá ọ̀tún, tí èébì sì tẹ̀ lé e, ó lè jẹ́ ilé ẹyin, ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé nínú ikùn, ló lọ́ bí okùn. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dí. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wọlé, kò ríbi jáde, ilé ẹyin á máa wú títí èyí tó ń wọlé náà yóò fi dúró. Kókó olómi lára ilé ẹyin, tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sábà máa ń fà á, àmọ́ ó ń ṣe ọmọdébìnrin tí kò ní kókó kankan.

Bí ìrora bá rọlẹ̀, ẹ má sọ pé ó ti tán. Ó lè tú fúnra rẹ̀, kó tún lọ́ lóru.

Ìfun náà máa ń lọ́. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún níkùn rí ni kó tètè fura, torí àpá inú lè di okùn tí ìfun yóò lọ́ mọ́. Ikùn á wú, èébì á pọ̀, ó lè ní àwọ̀ ewé, kò ní lè yàgbẹ́, kò ní lè só. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tàbí oògùn ìyàgbẹ́ fún un, ẹ má sì fi ọwọ́ ra ikùn náà. Ọ̀nà ti dí. Bí ẹ bá ń ti ìfun láti òkè, ó lè bẹ́.

Ẹ má fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná “kí inú lè rọ̀”. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ, oúnjẹ lè yọ́ bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ kọ wákàtí tí ìrora bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó jẹun kẹ́yìn sórí ìwé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù tó ń ṣiṣẹ́ abẹ.

Ní ọsibítù, kí wọ́n yẹ oyún wò, kódà bó bá ní òun ò lóyún. Bí skáànù bá sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ilé ẹyin, ìyẹn ò ní kó máà lọ́: iṣan méjì ló ń bọ́ ọ, ọ̀kan lè ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ìfun tó bá ti kú, gígé ni. Ilé ẹyin ò rí bẹ́ẹ̀. Bó tilẹ̀ dúdú bí aró, ó sábà máa ń sọjí tí wọ́n bá tú u. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi dókítà: “Ṣé ẹ ó tú u ni, àbí ẹ ó gé e?”