Bí a ṣe ń ṣírò gírísì tó há sáàárín irin méjì lábẹ́ ẹrù wúwo

Níbi tí bọ́ọ̀lù bẹ́árìn ti fi ara kan ọ̀nà tó ń yí lé, ìtẹ̀ ibẹ̀ lè ju 1 GPa lọ, ìyẹn bí ìlọ́po 10,000 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Síbẹ̀, epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í sábà tó 1 µm (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) kì í jẹ́ kí irin fi ara họ irin. Bí epo náà ṣe nípọn tó la fẹ́ ṣírò.

Ẹ kọ́kọ́ kó nọ́ńbà jọ: ẹrù, eré, ìtóbi bọ́ọ̀lù, bí irin ṣe le tó, àti kíki epo. Epo ni gírísì, ọṣẹ ló gbá a mú bí kànìnkànìn ṣe ń gba omi. Ìwé tó bá gírísì wá máa ń sọ bí epo inú rẹ̀ ṣe ki tó ní 40°C àti 100°C. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ ní 70°C, kíki ti 70°C ni kí ẹ wá.

Ìṣirò tí onímọ̀ físíìsì Hertz gbé jáde á sọ bí ojú ìkànpọ̀, ìyẹn ibi tí irin méjèèjì ti pàdé, ṣe fẹ̀ tó. Ìyẹn ò le.

Lẹ́yìn náà, ẹ lo ìṣirò ìnípọn epo tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Hamrock àti Dowson gbé jáde ní 1977. Ẹ dán an wò: tí eré bá di ìlọ́po méjì, epo á fi bí 60% nípọn sí i. Tí ẹrù bá di ìlọ́po méjì ńkọ́? Kò ní dín ju bí 5% lọ, torí irin á tẹ́ pẹrẹsẹ, epo tí wọ́n tẹ̀ náà á sì ki gan-an.

Ibi tó ṣòro rèé. Ìṣirò yẹn gbà pé epo kún ẹnu ìkànpọ̀ dẹ́múdẹ́mú. Bọ́ọ̀lù a máa ti gírísì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọṣẹ inú rẹ̀ kì í sì jẹ́ kó tètè ṣàn padà. Nítorí náà, ẹ sún ibi tí epo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkànpọ̀, kí ẹ tún un ṣírò fún ìyípo kọ̀ọ̀kan: ẹ yọ èyí tó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi èyí tó jò láti inú ọṣẹ kún un.

Ẹ wá fi ìnípọn tẹ́ ẹ rí wé ṣákiṣàki ojú irin. Ká ní ṣákiṣàki irin méjèèjì papọ̀ jẹ́ 0.07 µm, tí epo sì jẹ́ 0.3 µm, ìlọ́po mẹ́rin lé nìyẹn, ọkàn yín balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ebi epo (àìtó epo lẹ́nu ìkànpọ̀) bá dín in kù sí 0.1 µm, ṣóńṣó irin ti ń kan ara wọn.

Bí eré bá kéré gan-an, ẹ má fọkàn tán ìṣirò yìí: èérún ọṣẹ máa ń wọlé, epo á sì nípọn ju bí ìṣirò ṣe wí lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n ni.