Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nínú ìṣègùn tó dá lórí ẹ̀rí

"Mo lò ó, ara mi sì yá." Gbólóhùn yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà jù, àti dókítà àti oníṣègùn ewé. Ọ̀fìnkìn á lọ láàárín ọjọ́ 7 sí 10, yálà a mu nǹkan sí i tàbí a kò mu. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn bá dunni jù la máa ń gba ilé ìwòsàn lọ, ìrora tó sì ti dé góńgó, ó di dandan kó máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohunkóhun tí a bá lò lọ́jọ́ náà ni yóò gba ìyìn. Nítorí náà, ẹ má bèèrè pé "Ṣé ara wọn yá?" Ẹ bèèrè pé "Àwọn wo ni wọ́n fi wọ́n wé?"

Ẹ wo ìwádìí kan láti Jámánì, tó jáde ní 2007, lórí fífi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ara lọ́nà àwọn ará Ṣáínà. Ènìyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ ni wọ́n fi kèké pín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Wọ́n gún ọ̀wọ́ kìíní níbi tí ìlànà Ṣáínà là sílẹ̀ gan-an. Wọ́n gún ọ̀wọ́ kejì léréfèé, níbi tí kò yẹ. Ọ̀wọ́ kẹta gba oògùn, ìtọ́jú iṣan àti eré ìmárale. Lẹ́yìn oṣù 6, ara tu ènìyàn 47.6 nínú 100 ní ọ̀wọ́ kìíní, 44.2 ní ìkejì, 27.4 ní ìkẹta. Ẹni tó fi kìíní wé kẹta nìkan á ní abẹ́rẹ́ ju oògùn lọ. Ẹni tó fi kìíní wé kejì nìkan á ní ẹ̀tàn lásán ni. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ pa pọ̀ ni pé ojú ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan.

Ẹ má fi nọ́ńbà orí ìwé rọ́pò aláìsàn

Àṣìṣe yìí ti pa ènìyàn. Àwọn tí àìsàn ọkàn kọlù tí wọ́n yè é, tí ọkàn wọn wá ń lù ségesège, máa ń kú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Oògùn encainide àti flecainide ń mú ìlù náà tọ́, ni àwọn dókítà bá ń kọ wọ́n fún aláìsàn. Nígbà tí ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CAST fi wọ́n wé oògùn òfìfo, ìyẹn èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, ó hàn ní 1989 pé àwọn tó ń lo ojúlówó oògùn ló ń kú jù. Ìlù ọkàn tọ́ lórí bébà o, ẹni tó ni ọkàn ni kò sí mọ́. Ikú, ìrora, agbára láti dìde ṣiṣẹ́: ìwọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ wá nínú ìwádìí, kí a tó wo àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

"Ó dín ewu kù ní ìdajì." Ìdajì kí ni? Bí àrùn ì bá mú ènìyàn 2 nínú 100, tí oògùn wá sọ ọ́ di 1, ìdajì ni lóòótọ́, àmọ́ 100 ènìyàn ní láti gbé e mì kí ẹyọ kan tó jàǹfààní. Wàhálà oògùn nìkan ni àwọn 99 tó kù lè rí níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ kí aláìsàn rí i.

"Ewé lásán ni, kò lè ṣe nǹkan"

Ewé tó lágbára láti wo àrùn lágbára láti bá oògùn jà. St John's wort, tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, dànù, àti ciclosporin tí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún gbára lé, àti oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, àti àwọn oògùn HIV kan. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í ka ewé mọ́ oògùn, nítorí náà "Oògùn wo lẹ ń lò?" kò tó. Ẹ bi wọ́n pé: "Kí lẹ ń mu, tàbí tí ẹ fi ń para, tí dókítà kò kọ fún yín?" Kí ohùn má le o, ẹni tí a bá wí lónìí á fi pamọ́ lọ́la.

Àwọn tó ń fi ewé ṣẹ̀sín náà ṣìnà. Ara ewé Artemisia annua ni Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ artemisinin tó ń wo ibà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Èyí kò ní ká máa se ewé náà mu: oògùn inú rẹ̀ kì í dọ́gba láti ewé sí ewé, kì í sì í sábà tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i.

Ní ti kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣègùn tó dá lórí ẹ̀rí, àṣìṣe ni kí a fi gbogbo ẹ̀kọ́ náà mọ sí kíláàsì. Àgbéyẹ̀wò kan tó jáde ní 2004 fi hàn pé kíláàsì nìkan ń fi kún ìmọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a kọ́ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn ló ń yí ìṣe padà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pín ìbéèrè rẹ̀ sí mẹ́rin: ta ni, kí la fẹ́ ṣe, kí la fi wé e, kí la ń retí. Bí àpẹẹrẹ: ọmọ ọdún 4 tí etí ń dùn, bí a bá fún un ní oògùn apakòkòrò lónìí dípò kí a fún un ní oògùn ìrora kí a sì dúró fún ọjọ́ 2, báwo ni ìrora náà ṣe máa yá lọ tó? Kó wá àkójọpọ̀ ìwádìí kó tó wá ẹyọ kan, kó sì wo àwọn tí wọ́n yọ kúrò níbẹ̀. Bí wọn kò bá gba ẹni tó ju ọdún 75 lọ, tí ìyá àgbà ọmọ ọdún 82 sì wà níwájú rẹ̀, èsì yẹn kò tíì dá a lóhùn. Kó bi ìyá léèrè èwo ni wọ́n fẹ́ jù: ẹ̀mí gígùn ni, àbí kí wọ́n lè máa dá rìn dé ẹnu ọ̀nà.